Ìpòyì Ẹ̀lẹ́kítírọ́nù àti Ẹ̀rọ Fẹ́lẹ́: Ìtàn Èrò Tó Dúró De Irinṣẹ́, 1857–2007

Àṣamọ̀

Láti ìgbà tí wọ́n ti fún Albert Fert àti Peter Grünberg ní ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ físíìsì ní ọdún 2007 ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ti ń ka ọdún 1988 sí ọdún ìbí ẹ̀ka ìmọ̀ tí à ń pè ní spintronics, ìyẹn ìmọ̀ ẹ̀rọ tó ń lo ìpòyì ẹ̀lẹ́kítírọ́nù pẹ̀lú agbára iná tó wà lára rẹ̀. Àpilẹ̀kọ yìí tọ ipasẹ̀ ìmọ̀ náà láti Glasgow ní 1857 títí dé ọjà kọ̀ǹpútà ní 1997 àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ó fi hàn pé èrò tó gbé àwárí 1988 ró ti wà nílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún méjìdínlógún ṣáájú, àti pé ìpìlẹ̀ èrò náà ti wà láti 1936. Ohun tí kò tíì sí ni irinṣẹ́ tí a fi lè tẹ́ irin ní ìpele tó fẹ́lẹ́ tó. Nítorí náà, àpilẹ̀kọ yìí jiyàn pé ìtàn ìmọ̀ yìí jẹ́ ìtàn bí irin ṣe di fẹ́lẹ́ gẹ́gẹ́ bí ó ti jẹ́ ìtàn èrò, àti pé ẹni tó bá fẹ́ pín iyìn rẹ̀ bó ti tọ́ gbọ́dọ̀ ka ọwọ́ tó pọ̀ ju méjì lọ.

1.0 Ìfáàrà

Nínú háàdì dísìkì kọ̀ǹpútà, awo pẹlẹbẹ kan wà tó ń yí pẹ̀lú eré púpọ̀. Ojú awo náà ni a ń kọ ìsọfúnni sí ní àmì kéékèèké, tí àmì kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ òòfà tó kọjú sí apá kan tàbí sí òdìkejì rẹ̀. Ohun kékeré kan ń léfòó lókè awo yìí láì fara kàn án. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ka ibi tí òòfà kọ̀ọ̀kan kọjú sí. Akàmì ni àpilẹ̀kọ yìí yóò máa pè é. Bí àmì ṣe ń kéré sí i kí ìsọfúnni púpọ̀ lè gba ojú awo kan, bẹ́ẹ̀ ni agbára òòfà rẹ̀ ń dín kù, tí akàmì sì gbọ́dọ̀ lè mọ ohun tó rọra ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ní 1997, ilé-iṣẹ́ IBM gbé háàdì dísìkì kan jáde tí akàmì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nípa ìpòyì ẹ̀lẹ́kítírọ́nù. Láàárín ọdún díẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù tẹ̀ lé e.

Láti ìgbà tí J. J. Thomson ti fi ẹ̀lẹ́kítírọ́nù han ayé ní Cambridge ní 1897, agbára iná tó wà lára rẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti kọ̀ǹpútà ń lò. Wọ́n ń tì í síwájú, wọ́n ń dá a dúró, wọ́n sì ń ka iye rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀lẹ́kítírọ́nù kọ̀ọ̀kan tún jẹ́ òòfà kékeré fúnra rẹ̀. Ìwà kejì yìí ni spintronics dúró lé.

Ìtàn tó gbilẹ̀ jù nípa bí ìmọ̀ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ kò gùn. Ó ní àwọn ọ̀mọ̀wé méjì, ọ̀kan ní Faransé, èkejì ní Jámánì, ṣàdéédé rí ohun kan náà ní 1988 láìjẹ́ pé ọ̀kan mọ ohun tí èkejì ń ṣe. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní Amẹ́ríkà sọ ọ́ di ọjà. Ẹ̀bùn Nobel sì dé. Kò sí irọ́ nínú èyí, ṣùgbọ́n ó fi ìbéèrè kan sílẹ̀ láì dáhùn: kí ló dé tó fi jẹ́ 1988, tí kì í ṣe 1970? Kí ló dé tí ẹni méjì tí òkun kò là láàárín, ṣùgbọ́n tí wọn kò jọ ṣiṣẹ́, fi bá ohun kan náà pàdé láàárín oṣù díẹ̀ síra wọn? Ìdáhùn àpilẹ̀kọ yìí ni pé irinṣẹ́ ni ó dé nígbà náà. Bí irinṣẹ́ bá ti dé ọwọ́ àwọn tí ìbéèrè ti wà lọ́kàn wọn, kì í yani lẹ́nu kí ẹni tó ju ọ̀kan lọ dé ibì kan náà.

2.0 Glasgow, 1857: àkíyèsí tí kò rí ìwúlò

William Thomson, ẹni tí a wá mọ̀ sí Lord Kelvin nígbà tó yá, jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Glasgow ní àsìkò tí wọ́n ń gbìyànjú láti na wáyà tẹligíráàfù gba abẹ́ òkun Àtìláńtíìkì kọjá. Bí iná ṣe ń gba inú irin kọjá jẹ́ ìbéèrè tó kan iṣẹ́ àti owó nígbà náà. Ní 1857, Thomson tẹ àbájáde kan jáde nípa irin àti níkẹ́lì. Ó rí i pé bí a bá sọ irin di òòfà, ìdènà tí irin náà ń fún ìṣàn iná yóò yí padà. Bí òòfà náà bá kọjú sí ọ̀nà tí iná ń gbà, ìdènà á pọ̀ sí i. Bí ó bá dábùú ọ̀nà náà, ìdènà á dín kù.

Ìyípadà yìí kéré. Kò sì sí ẹni tó lè sọ ìdí rẹ̀, nítorí pé ogójì ọdún ṣì kù kí a tó mọ ẹ̀lẹ́kítírọ́nù. Àkíyèsí náà wà nínú ìwé fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kó tó di ohun èlò gidi nínú kọ̀ǹpútà: ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni IBM fi ọgbọ́n Thomson ṣe akàmì háàdì dísìkì, kí ọgbọ́n tuntun ti ìpòyì tó wá rọ́pò rẹ̀. Àpẹẹrẹ àkọ́kọ́ nìyí nínú ìtàn yìí pé jíjẹ́ òótọ́ nǹkan kan kò ní kó wúlò lójú ẹsẹ̀. Kò sí ẹni tó nílò láti ka òòfà tí ojú kò lè rí ní 1857.

3.0 Òkòtó tí kì í yí: Frankfurt àti Leiden, 1922–1928

Ìdánwò tó kọ́kọ́ fi ìpòyì hàn ṣẹlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ní èrò nípa ìpòyì. Ní 1922, Otto Stern àti Walther Gerlach ní Frankfurt mú kí fàdákà gbóná nínú ààrò títí tí átọ́mù rẹ̀ fi ń jáde bí oru, wọ́n sì darí átọ́mù wọ̀nyí gba àárín òòfà kan tí agbára rẹ̀ kò dọ́gba lókè àti nísàlẹ̀. Bí òòfà átọ́mù bá lè kọjú sí ibi gbogbo, ó yẹ kí fàdákà náà tàn ká lórí gíláàsì tí wọ́n gbé dè é. Ṣùgbọ́n ojú méjì péré ni ó pín sí. Kò sí ti àárín.

Ipò tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ yìí bá kókó àpilẹ̀kọ yìí mu. Ogun Àgbáyé Kìíní ti ba ọrọ̀ ajé Jámánì jẹ́, owó kò sì sí. Max Born, tó jẹ́ olórí ẹ̀ka náà, ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún gbogbo ènìyàn lórí ìmọ̀ Einstein, ó ń gba owó ìwọlé lọ́wọ́ wọn, ó sì ń fi owó náà ra irinṣẹ́. Henry Goldman, oníṣòwò owó kan ní New York tí ìran rẹ̀ ti Jámánì wá, tún fi owó ránṣẹ́. Láìsí owó wọ̀nyí, kò dájú pé fàdákà náà ì bá dé orí gíláàsì.

Stern àti Gerlach kò mọ ohun tí wọ́n rí. Wọ́n gbà pé ìmọ̀ átọ́mù ti Bohr àti Sommerfeld ni ìdánwò náà fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn èyí, ní 1925, ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ní Leiden, George Uhlenbeck àti Samuel Goudsmit, dábàá pé ẹ̀lẹ́kítírọ́nù ń pòyì lórí ara rẹ̀, ìpòyì yìí ni ó sì sọ ọ́ di òòfà. Àgbà onímọ̀ Hendrik Lorentz ṣírò rẹ̀, ó sì rí i pé bí ẹ̀lẹ́kítírọ́nù bá ń yí lóòótọ́, ara rẹ̀ lóde gbọ́dọ̀ máa sáré ju ìmọ́lẹ̀ lọ, èyí tí kò ṣeé ṣe. Ẹ̀rù ba àwọn méjèèjì, wọ́n fẹ́ gba ìwé wọn padà, ṣùgbọ́n olùkọ́ wọn, Paul Ehrenfest, ti fi í ránṣẹ́ sí àwọn tí yóò tẹ̀ ẹ́. Ó ní ọmọdé ni wọ́n, wọ́n lè fara da ìwà òmùgọ̀ kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn kan náà, ọ̀dọ́mọkùnrin mìíràn, Ralph Kronig, ti ní èrò kan náà, ṣùgbọ́n Wolfgang Pauli bu ẹnu àtẹ́ lù ú, Kronig kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Orúkọ rẹ̀ kò sí lára àwọn tí ọ̀pọ̀ ń rántí.

Ní 1928, Paul Dirac fi ìṣirò hàn pé ìpòyì jẹ́ ohun tó gbọ́dọ̀ wà bí a bá fi ìmọ̀ kuántọ́ọ̀mù àti ìmọ̀ Einstein papọ̀. Kò sí ohun tó ń yí níbẹ̀ rárá. Ohun tó wà ni ìwà abínibí kan tó ní ojú méjì péré, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní òkè àti ìsàlẹ̀.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ó kan bí a ṣe ń sọ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Yorùbá. Ọ̀rọ̀ ìpòyì tí àpilẹ̀kọ yìí lò mú òkòtó tí ọmọdé ń ta wá sọ́kàn. Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀rọ̀ náà ń ṣini lọ́nà, nítorí pé ẹ̀lẹ́kítírọ́nù kì í yí bí òkòtó. Ṣùgbọ́n àléébù kan náà wà lára ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo ayé ń lò. Àwòrán ohun tó ń yí ni Uhlenbeck àti Goudsmit kọ́kọ́ ní lọ́kàn. Nígbà tí àwòrán náà wó, ọ̀rọ̀ náà kò wó pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò fífi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ mìíràn ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, lára iyèméjì tí wọ́n gbọ́dọ̀ dojú kọ ni pé èdè náà kò ní ọ̀rọ̀ tó péye. Ìtàn ìpòyì jẹ́rìí pé kò sí èdè kankan tó ní ọ̀rọ̀ tó péye kí ìmọ̀ tó dé. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni a ń yá lò, ìmọ̀ a sì máa tún ìtumọ̀ rẹ̀ ṣe.

4.0 Oníbodè méjì: láti Mott dé Orsay, 1936–1975

Ní 1936, Nevill Mott ní Bristol lo ìmọ̀ ìpòyì láti ṣàlàyé bí iná ṣe ń gba inú irin òòfà kọjá. Ó ní kí a má rò pé ìṣàn kan ni ó ń kọjá. Méjì ni: ti àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́nù tí ìpòyì wọn kọjú sókè, àti ti àwọn tí ìpòyì wọn kọjú sísàlẹ̀. Nínú bàbà, ọ̀nà àwọn méjèèjì dọ́gba. Nínú irin, níkẹ́lì tàbí kóbọ́ọ̀tì, àwọn kan ń kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, àwọn yòókù sì ń fi ara gbá nǹkan lọ́tùn-ún lósì.

A lè fi ibodè ìlú àtijọ́ ṣàpèjúwe èyí. Ká ní èrò ọ̀nà jẹ́ oríṣi méjì, ibodè méjì sì wà lójú ọ̀nà. Bí àwọn oníbodè méjèèjì bá ń ṣojúure sí oríṣi kan náà, àwọn oríṣi yẹn yóò gba ibodè méjèèjì kọjá láì dúró, ọjà yóò sì kún. Ṣùgbọ́n bí oníbodè kìíní bá fẹ́ràn oríṣi kan, tí èkejì sì fẹ́ràn oríṣi kejì, kò sí èrò tí wọn kò ní dá dúró níbì kan, ọjà yóò sì tú. Ìpele irin òòfà ni oníbodè. Ibi tí òòfà rẹ̀ kọjú sí ni ó ń pinnu ẹni tí yóò ṣojúure sí. Bí a bá lè yí ojú oníbodè kan padà, a ti ní ohun tí a fi ń ṣí ìṣàn iná tí a sì fi ń tì í.

Albert Fert bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Orsay, nítòsí Paris, pẹ̀lú Ian Campbell láti fi ìdánwò yẹ èrò Mott wò. Ó parí rẹ̀ ní 1970. Ó po kóbọ́ọ̀tì díẹ̀ mọ́ níkẹ́lì, ó sì rí i pé kóbọ́ọ̀tì ń dí oríṣi ẹ̀lẹ́kítírọ́nù kan lọ́nà. Ródíọ́mù ń dí oríṣi kejì lọ́nà. Nígbà tí a bá po àwọn méjèèjì papọ̀ mọ́ níkẹ́lì kan náà, ìdènà yóò fò sókè ju àròpọ̀ ìdènà ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ. Èyí ni ọ̀rọ̀ oníbodè méjì tí wọn kò fẹ́ràn ẹnì kan náà.

Ẹni tó bá ka èyí dáadáa yóò rí i pé gbogbo èrò tó wà nínú àwárí 1988 ti wà níbí. Ohun tó kù ni pé kí a fi ìpele irin méjì rọ́pò kóbọ́ọ̀tì àti ródíọ́mù, nítorí pé a lè yí ojú òòfà ìpele padà, ṣùgbọ́n a kò lè yí ti èérí tó wà nínú irin padà. Fert fúnra rẹ̀ rí èyí. Ohun tó dí i lọ́wọ́ ni pé àárín ìpele méjèèjì gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́ ju ìrìn tí ẹ̀lẹ́kítírọ́nù ń rìn kó tó fi ara gbá nǹkan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èrò ọ̀nà ti gbàgbé oníbodè kìíní kó tó dé ọ̀dọ̀ èkejì. Nánómítà ni a fi ń wọn ìrìn yìí. Mílíọ̀nù kan nánómítà ni ó wà nínú mílímítà kan ṣoṣo. Ní 1970, kò sí bí Fert ṣe lè tẹ́ irin fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ìrírí Michel Jullière ní Rennes fara pẹ́ èyí. Ní 1975, ó fi ohun tín-ín-rín kan tí kì í jẹ́ kí iná kọjá sí àárín irin àti kóbọ́ọ̀tì. Ẹ̀lẹ́kítírọ́nù ń yọ́ kọjá níbẹ̀ nípa òfin kuántọ́ọ̀mù, Jullière sì rí i pé iye tó ń yọ́ kọjá yí padà ní nǹkan bí ìdá 14 nínú 100 bí ojú òòfà méjèèjì bá yí padà síra wọn. Òtútù líle, ní ìwọ̀n bí 269 sí ìsàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, ni ó ti rí i. Díẹ̀ ni ẹni tó kọbi ara sí iṣẹ́ náà fún ogún ọdún.

5.0 Bí irin ṣe di fẹ́lẹ́: Jülich àti Orsay, 1986–1989

Kì í ṣe nítorí òòfà ni wọ́n ṣe ṣe irinṣẹ́ tó yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, ní yàrá ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà, Alfred Cho àti John Arthur ń wá ọ̀nà láti to àwọn ohun tí a fi ń ṣe transísítọ̀ àti iná ẹ̀rọ jọ ní ìpele átọ́mù kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú àgbá irin kan títí tí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nǹkan kan nínú rẹ̀, wọ́n sì mú kí ohun tí wọ́n fẹ́ tẹ́ gbóná títí tí yóò fi máa tú bí oru, tí oru náà yóò sì máa bà díẹ̀díẹ̀ lé orí ohun mímọ́ tí wọ́n gbé síbẹ̀. Ní àárín àwọn ọdún 1980, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí irin òòfà ti kọ́ ọgbọ́n náà.

Peter Grünberg, ní ibùdó ìwádìí Jülich ní Jámánì, lo ìpele fẹ́lẹ́ láti fi béèrè ìbéèrè mìíràn: ṣé òòfà méjì tí kírómíọ́mù là láàárín ṣì ń mọ̀ ara wọn lára? Ní 1986, ó rí i pé wọ́n ń mọ̀ ọ́n. Bí kírómíọ́mù bá ní ìwọ̀n kan, ìpele irin méjèèjì yóò kọjú sí òdìkejì ara wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi agbára mú wọn. Àbájáde yìí ni kọ́kọ́rọ́ tí Fert ń retí. Oníbodè méjì tí wọ́n kọ̀yìn síra wọn ti wà nílẹ̀ fúnra wọn. Bí a bá gbé òòfà láti òde sún mọ́ wọn, wọn yóò kọjú sí ibì kan náà.

Orsay kò ní irinṣẹ́ náà. Àwọn tó ní in ni ilé-iṣẹ́ Thomson-CSF. Ibẹ̀ ni òwe àwọn àgbà ti ṣẹ, pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Fert àti Alain Friederich ti Thomson-CSF pawọ́ pọ̀, Patrick Etienne ni ó sì ń tẹ́ irin náà. Wọ́n to irin tó nípọn nánómítà 3 àti kírómíọ́mù tó nípọn nánómítà 0.9 léra wọn ní ìgbà ọgọ́ta. Nínú òtútù líle, pẹ̀lú òòfà tó lágbára, ìdènà ìṣàn iná dín kù dé bí ìdajì. Ohun tí Thomson rí ní Glasgow kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Àwọn onímọ̀ sọ ọ́ lórúkọ tó fi bí ó ti tóbi tó hàn.

Ní Jülich, Grünberg àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lo ìpele mẹ́ta péré. Ìdá 1.5 nínú 100 ni ìyípadà tí wọ́n rí, ṣùgbọ́n inú yàrá tí kò tutù ni wọ́n ti rí i. Grünberg tètè mọ̀ pé èyí lè di ohun èlò, ó sì fi orúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀tọ́ oníhun lórí rẹ̀. Ìwé Jülich dé ọwọ́ àwọn olóòtú ní oṣù Kárùn-ún 1988, ṣùgbọ́n oṣù Kẹta 1989 ni ó tó jáde. Ìwé Orsay dé ọwọ́ wọn ní oṣù Kẹjọ 1988, ó sì jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà. Ẹni tó bá fi ọjọ́ ìtẹ̀jáde nìkan ṣèdájọ́ yóò sọ pé Orsay ló ṣáájú. Ẹni tó bá wo ọjọ́ tí ìwé dé ọ̀dọ̀ olóòtú yóò sọ pé Jülich ni. Ohun tó dára jù ni láti gbà pé ilẹ̀kùn kan náà ni irinṣẹ́ kan náà ṣí fún àwọn méjèèjì.

6.0 Irinṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú: San Jose, 1990–1997

Ìpele fẹ́lẹ́ tí wọ́n tẹ́ ní Orsay àti Jülich kò lè dé ọjà bó ti wà. Ẹ̀rọ rẹ̀ wọ́n, iṣẹ́ rẹ̀ falẹ̀, àgbá tí kò ní afẹ́fẹ́ sì nílò ìtọ́jú gidigidi. Yàtọ̀ sí èyí, òòfà tí wọ́n fi yí ojú àwọn ìpele Orsay padà lágbára ju ohunkóhun tó lè ti ara àmì kékeré inú háàdì dísìkì wá lọ.

Stuart Parkin, tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí IBM ní Almaden, San Jose, ni ó bá ìṣòro kìíní jà. Ó gbìyànjú ọ̀nà kan tí àwọn ilé-iṣẹ́ ti ń lò tẹ́lẹ̀ láti fi irin bo nǹkan: a ó fi gáàsì tó ti gba agbára iná lu ojú irin, átọ́mù irin náà yóò ta jáde, yóò sì bà lé orí ohun tí a fẹ́ bò. Ọ̀nà yìí yá, kò sì wọ́n. Ọ̀pọ̀ rò pé ìpele tí yóò ti ibẹ̀ jáde kò ní mọ́ tó láti fi àrà ìpòyì hàn. Ní 1990, Parkin àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ó mọ́ tó. Nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ yá, ó ṣeé ṣe fún wọn láti dán ọ̀pọ̀ irin àti ọ̀pọ̀ ìwọ̀n wò, èyí sì jẹ́ kí wọ́n rí ohun tí ẹni tó ń fi ìṣọ́ra tẹ́ díẹ̀díẹ̀ kì bá tètè rí: bí ìpele àárín ṣe ń nípọn sí i, òòfà méjèèjì ń kọjú sí ibì kan náà, wọ́n á tún kọ̀yìn síra wọn, wọ́n á tún padà, bí ìgbì omi.

Ìṣòro kejì gba ọgbọ́n mìíràn. Ní 1991, Bernard Dieny àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní IBM ṣe ìpele òòfà méjì tí wọ́n so ọ̀kan mọ́lẹ̀ kó má lè yíjú padà, tí wọ́n sì fi èkejì sílẹ̀ kó máa yíjú sí ibi tí òòfà kékeré bá darí rẹ̀ sí. Oníbodè kan dúró gbọn-in, èkejì ń tẹ̀ lé atẹ́gùn. Òòfà tó rọra ti tó láti yí i. Ohun tí akàmì ń fẹ́ nìyí. Ní ìparí 1997, IBM kéde háàdì dísìkì tó gba gígábáìtì 16.8. Ẹni tó bá rántí pé dísìkì àkọ́kọ́ tí ilé-iṣẹ́ kan náà ṣe ní 1956 lo àádọ́ta awo ńlá láti gba lẹ́tà àti nọ́ńbà mílíọ̀nù márùn-ún péré yóò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé.

7.0 Ohun tó dé lẹ́yìn rẹ̀, àti ohun tó ṣì kù

Àṣeyọrí yìí mú kí àwọn onímọ̀ padà sí iṣẹ́ tí wọ́n ti gbàgbé. Ní 1995, Jagadeesh Moodera ní MIT àti Terunobu Miyazaki ní Yunifásítì Tohoku ní Japan fi hàn pé àrà Jullière ṣeé rí láìsí òtútù. Ní 2004, Parkin ní Amẹ́ríkà àti Shinji Yuasa ní Japan fi ìpele magnesium oxide sí àárín, ìyípadà náà sì tó nǹkan bí ìdá 200 nínú 100. Akàmì irú èyí ni ó wá gba ipò ti 1997.

Ọ̀nà kejì jẹ́ ti iyè kọ̀ǹpútà. Iyè tó wọ́pọ̀ ń gbàgbé ohun gbogbo bí iná bá lọ. Èyí tí a fi òòfà ṣe kì í gbàgbé, nítorí pé ojú òòfà kò nílò iná láti dúró síbi tó wà. Ní 1996, John Slonczewski ti IBM àti Luc Berger ti Carnegie Mellon, kálukú lọ́tọ̀, ṣírò pé ìṣàn ẹ̀lẹ́kítírọ́nù tí ìpòyì wọn kọjú sí ibì kan lè ti òòfà kékeré títí tí yóò fi yíjú padà. Ìdánwò fi èyí múlẹ̀ láìpẹ́ lẹ́yìn náà. Ní 2006, ilé-iṣẹ́ Freescale bẹ̀rẹ̀ sí í ta iyè olóòfà tó gba mẹ́gábíìtì 4.

Kì í ṣe gbogbo èrò ni ó rí irinṣẹ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1990, Supriyo Datta àti Biswajit Das ní Purdue dábàá transísítọ̀ kan tí yóò máa ṣiṣẹ́ nípa yíyí ojú ìpòyì padà bí ẹ̀lẹ́kítírọ́nù bá ń rìn lọ. Èrò náà dán, ìwé rẹ̀ kò gùn, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì tọ́ka sí i. Ṣùgbọ́n gbígbé ìpòyì láti inú irin wọ inú ohun bíi sílíkọ́nì nira, nítorí pé ìdènà àwọn méjèèjì yàtọ̀ síra jìnnà. Ọdún mọ́kàndínlógún kọjá kí ìdánwò kan ní Seoul tó fi hàn ní 2009 pé ìpòyì ṣeé darí lọ́nà yẹn, inú òtútù líle náà sì ni. Transísítọ̀ yìí kò tíì dé inú kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni. Ó wà ní ipò tí èrò Fert wà ní 1970.

8.0 Ta ni ó ni iyìn?

Òfin ẹ̀bùn Nobel gbà kí ẹni mẹ́ta pín in. Ẹni méjì ni wọ́n fún ní 2007. Ọ̀rọ̀ nípa bóyá ó yẹ kí Parkin jẹ́ ìkẹta kò tíì tán lẹ́nu àwọn onímọ̀; ó gba ẹ̀bùn Millennium Technology ní Finland ní 2014. Àríyànjiyàn yìí dúró lórí ìyàtọ̀ tí a ń ṣe láàárín ẹni tó kọ́kọ́ rí nǹkan àti ẹni tó sọ ọ́ di ohun tí ayé ń lò. Ìtàn tí àpilẹ̀kọ yìí sọ fi hàn pé ìyàtọ̀ náà kò dúró gbọn-in. Ohun tí Parkin rí nípa ìgbì òòfà jẹ́ àwárí gidi, irinṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú ni ó sì jẹ́ kó ṣeé rí.

Bákan náà ni orúkọ mẹ́sàn-án wà lórí ìwé Orsay ti 1988. Ti Fert kọ́ ni ó ṣáájú, ti Mario Baibich ni, onímọ̀ físíìsì láti Porto Alegre ní Brazil tó wà ní Orsay nígbà náà. Orúkọ Etienne, tó tẹ́ irin náà, wà láàárín. Lórí ìwé Jülich, G. Binasch ni ó ṣáájú. Bí a bá tún fi Kronig, tí ẹnu àtẹ́ pa lẹ́nu mọ́, àti Jullière, tí a gbàgbé fún ogún ọdún, kún un, a ó rí i pé ọ̀nà tí iyìn gbà rìn yàtọ̀ sí ọ̀nà tí iṣẹ́ gbà rìn.

Ẹnìkan lè takò èyí pé irinṣẹ́ kì í ronú. Òótọ́ ni. Ọ̀pọ̀ yàrá ìwádìí ní ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ́ nǹkan fẹ́lẹ́ kó tó di 1988, wọn kò sì rí ohun tí Orsay rí, nítorí pé kò sí ẹni tí ìbéèrè Mott ń dà láàmú nínú wọn. Fert ti gbé ìbéèrè náà pamọ́ sọ́kàn fún ọdún méjìdínlógún. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí ń sọ ni pé èrò àti irinṣẹ́ jọ ń bímọ ni, ìtàn tó bá sì dárúkọ ọ̀kan láì dárúkọ èkejì ti pa òbí kan mọ́lẹ̀.

9.0 Ìgúnlẹ̀

Ìtàn ìpòyì ẹ̀lẹ́kítírọ́nù láti 1857 dé 2007 fi ohun mẹ́ta hàn. Èkíní ni pé àkókò tó wà láàárín òye àti ìlò lè gùn ju ọjọ́ ayé ẹni tó ní òye náà lọ. Thomson kò rí akàmì, Mott náà sì kú ní 1996, ọdún kan ṣáájú háàdì dísìkì IBM. Èkejì ni pé irinṣẹ́ tó parí iṣẹ́ lè ti ibi tí a kò fọkàn sí wá, bí ọgbọ́n Bell ti wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tí kò bìkítà nípa òòfà. Ẹ̀kẹta ni pé irinṣẹ́ tó wọ́n jù kọ́ ni ó máa ń gbé ìmọ̀ dé ibi tó jìnnà jù.

Ẹ̀kọ́ kan wà níbí fún àwọn tó ń kọ ìtàn ìmọ̀ ní àwọn yunifásítì tí irinṣẹ́ ti ṣọ̀wọ́n. Ó ti di àṣà láti fi àìsí àwárí wọn iye ọpọlọ tó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Orsay kò yàgàn ní èrò láàárín 1970 sí 1988. Èrò náà wà, ó pé, ó sì tọ̀nà. Ohun tí kò sí ni ẹ̀rọ tí a fi lè tẹ́ irin ní nánómítà kan, àti ẹni tó ní ẹ̀rọ náà tó sì ṣe tán láti pín in. Òpìtàn tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ìmọ̀ kan kò fi hù níbì kan yóò kọ́kọ́ béèrè ohun tó wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn ibẹ̀, kó tó béèrè ohun tó wà lórí wọn.